Colonel Charles Young: Olùkọ́ tí Ó Di Ọ̀gágun

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni ó ti dé Èkó, tí ó ti rìn ní Marina, tí ó sì ti dúró wo àwọn ọkọ̀ ojú omi bí wọ́n ti ń wọlé láti ìlú òkèèrè. Ṣùgbọ́n ìba díẹ̀ ni ó mọ̀ pé ní ọjọ́ 8 oṣù January ọdún 1922, ní ilé ìwòsàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó kan náà, ni ọkùnrin kan gbé dákẹ́ tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé orúkọ rẹ̀. Charles Young ni ọkùnrin náà. Inú oko-ẹrú ni a bí i sí. Nígbà tí yóò sì fi kú, òun ni ipò rẹ̀ ga jù lọ nínú gbogbo ọ̀gágun aláwọ̀ dúdú tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wá léèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ ogun ń wá nínú ìwé àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Olùkọ́ ni ọkùnrin yìí kí ó tó di ọ̀gágun, olùkọ́ ni ó sì tún jẹ́ lẹ́yìn tí ó di ọ̀gágun tán. Ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ni ó gbà dé ipò rẹ̀, ọ̀nà náà sì ṣòro fún un púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun kọjá tán, kò ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Èyí ni a fẹ́ kí àwa àti ẹ̀yin jọ gbé yẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ 12 oṣù March ọdún 1864 ni a bí i ní ìletò Mays Lick, ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Gabriel ni orúkọ baba rẹ̀, Arminta sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹrú ni àwọn méjèèjì. Ogun abẹ́lé ń jà ní Amẹ́ríkà ní àkókò náà láàárín àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá àti àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù, ọ̀ràn oko-ẹrú sì ni gbòǹgbò ìjà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1865, Gabriel sá kúrò lọ́wọ́ olówó rẹ̀, ó sì lọ fi orúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ-ogun dúdú tí ń yin ìbọn ńlá fún ìjọba Àríwá. Ní oṣù March ọdún kan náà ni ìjọba ṣe òfin pé aya àti ọmọ ẹrúkẹ́rú tí ó bá wọ iṣẹ́ ogun ti di òmìnira. Báyìí ni aṣọ ogun tí baba wọ̀ ṣe di òmìnira fún ìyá àti ọmọ. Ọmọ ọwọ́ ni Charles nígbà náà. Ṣùgbọ́n a lè ronú pé ní ilé irú wọn, ojú tí a fi ń wo aṣọ ọmọ-ogun yàtọ̀ sí ojú tí àwọn ẹlòmíràn fi ń wò ó.

Lẹ́yìn ogun náà, ìdílé Young kó lọ sí Ripley ní ìpínlẹ̀ Ohio. Létí odò Ohio ni ìlú yìí wà. Odò náà ni ó jẹ́ ààlà láàárín ilẹ̀ ẹrú àti ilẹ̀ òmìnira láyé àtijọ́, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ará Ripley ti ń ran àwọn ẹrú tí ó bá sá kọjá odò lọ́wọ́. Àlùfáà kan tí ń jẹ́ John Rankin ní ilé lórí òkè níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìsáǹsá ni ó sì rí ibi forí pamọ́ sí nínú ilé náà. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Charles gbé dàgbà. Ó bá àwọn ọmọ òyìnbó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìlú náà, ó sì jáde pẹ̀lú iyì ní ọdún 1881. Ó fẹ́ràn ìwé, ó fẹ́ràn èdè àjèjì, ó fẹ́ràn orin, ó sì mọ dùrù tẹ̀. Bí ó ti jáde ni ó di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú ní Ripley. Bí ó bá ṣe pé níbẹ̀ ni ó dúró sí títí ọjọ́ ikú rẹ̀, iṣẹ́ rere ni ì bá ti ṣe. Àwa tí a yan iṣẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń fà sí ibòmíràn.

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa bí ènìyàn ti ń di ọ̀gágun ní Amẹ́ríkà ní ayé ìgbà náà, kí ìtàn wa lè yé gbogbo ènìyàn. Ẹni tí yóò jẹ́ ọmọ-ogun lásán kò ní ju kí ó fi orúkọ sílẹ̀, kí ó gba ìbọn, kí ó sì tẹ̀lé àṣẹ. Ẹni tí yóò pàṣẹ ní tirẹ̀ ní láti kàwé. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lókìkí jù lọ fún ẹ̀kọ́ yìí ni West Point, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1802 létí odò Hudson ní ìpínlẹ̀ New York. Ọdún 4 ni a fi ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìbọn yíyìn àti ẹṣin gígùn, akẹ́kọ̀ọ́ ní láti mọ ìṣirò jinlẹ̀, kí ó mọ èdè Faransé, kí ó mọ àwòrán ilẹ̀ yà, kí ó mọ òfin, kí ó sì mọ bí a ti ń mọ odi àti bí a ti ń ṣe afárá. Ẹni tí ó bá yege ní òpin ọdún kẹrin ni ìjọba ń fi jẹ oyè Lieutenant, èyí tí ó jẹ́ àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ nínú oyè ọ̀gágun. A kì í sì dédé wọ ibẹ̀: aṣojú àgbègbè ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ó ń fa akẹ́kọ̀ọ́ kalẹ̀.

Ní ọdún 1883, a ṣe ìdánwò fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àgbègbè Ripley kí a lè mọ ẹni tí yóò lọ. Olùkọ́ dúdú yìí jókòó láàárín wọn, ó sì gba ipò kejì. Ẹni tí ó gba ipò kìíní ni a mú. Ṣùgbọ́n ẹni náà kò bá ọ̀nà náà lọ dé òpin, àyè sì ṣí sílẹ̀ fún ẹnìkejì. Ní ọdún 1884 ni Charles Young wọ West Point. Ó di ẹni 20 ọdún.

Títí di ọjọ́ tí ó wọlé, ẹyọ ènìyàn dúdú kan ṣoṣo ni ó tíì gba ìwé-ẹ̀rí jáde níbẹ̀. Henry Ossian Flipper ni ẹni náà, ọdún 1877 ni ó sì jáde. Àwọn dúdú mìíràn ti wọlé, ṣùgbọ́n wọn kò lè parí rẹ̀. Flipper tìkara rẹ̀ kò pẹ́ nínú iṣẹ́: ní ọdún 1881 a fẹ̀sùn owó kàn án, àwọn adájọ́ ogun kò rí i pé ó jalè, síbẹ̀ wọ́n ní ìwà rẹ̀ kò yẹ ọ̀gágun, a sì lé e kúrò ní ọdún 1882. Ọdún 1999 ni Ààrẹ Amẹ́ríkà tó dárí jì í, nígbà tí ó ti kú tipẹ́tipẹ́. Nítorí náà kò sí ẹni tí Young lè tọ ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ìgbé-ayé ọmọ dúdú ní West Point ní àkókò náà le koko. Ohun tí ó le jù nínú rẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kì í bá wọn sọ̀rọ̀ àfi bí iṣẹ́ bá mú un pọn dandan. Wọn a jọ jẹun, wọn a jọ tò lẹ́sẹẹsẹ, wọn a jọ jókòó ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ọmọ dúdú a dà bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ ń sùn nínú yàrá gbọọrọ kan náà, ẹ rò ó wò bí yóò ti rí láti lo oṣù kan báyìí, áḿbọ̀sì ọdún 5. Ìtùnú kan ṣoṣo tí Young ní ni ọmọ dúdú mìíràn, John Hanks Alexander, tí ó ti wọlé ní ọdún kan ṣáájú rẹ̀. Yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, títí Alexander fi yege ní ọdún 1887, tí ó sì fi Young nìkan sílẹ̀.

A sọ pé ọdún 5, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ọdún 4. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé Young kùnà nínú ìṣirò ní ọdún àkọ́kọ́, ó sì ní láti padà bẹ̀rẹ̀ kíláàsì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ojú ì bá tì, tí ì bá sì di ẹrù rẹ̀ lọ sílé, pàápàá ẹni tí ó ti jẹ́ olùkọ́ rí. Òun kò lọ. Nígbà tí ó sì di ìdánwò àṣejáde ní ọdún 1889, ó tún kùnà, lọ́tẹ̀ yìí nínú ẹ̀kọ́ odi mímọ àti afárá ṣíṣe. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí ní oṣù June. Òun kò gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ níbẹ̀, George Washington Goethals, òyìnbó, kò fẹ́ kí iṣẹ́ ọdún 5 di asán. Ó mú Young sọ́dọ̀ nínú ìsinmi, ó ń kọ́ ọ ní ohun tí kò yé e, títí ó fi yé e. A tún ìdánwò náà ṣe, Young sì yege. Ní ọjọ́ 31 oṣù August ọdún 1889 ni ó gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Ènìyàn 49 ni ó wà ní kíláàsì náà. Ipò kọkàndínláàádọ́ta ni tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Goethals yìí kan náà ni ó wá di olórí àwọn tí ó la omi Panama já, èyí tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà kọjá ní ọdún 1914, tí ó so òkun méjì pọ̀. Gbogbo ayé mọ iṣẹ́ ńlá náà. Ṣùgbọ́n ní èrò tiwa, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ó fi jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó gbẹ̀yìn kíláàsì kò kéré sí i. Bí ó bá ti wo máàkì tí ó sì pa ìwé dé, kò sí ẹni tí ì bá dá a lẹ́bi. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ ì bá sì ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Láìpẹ́ àwa náà yóò di ẹni tí ń fi máàkì fún ni. Àwọn àgbà ní bí ó pẹ́, bí ó yá, akólòlò yóò pe baba. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ní láti dúró gbọ́ ọ kí ó tó pè é.

Lẹ́yìn Young, ó tó ọdún 47 kí ènìyàn dúdú mìíràn tó yege ní West Point.

Ìjọba rán an lọ sí Ẹgbẹ́ Ọmọ-ogun Ẹlẹ́ṣin Kẹsàn-án. Ọ̀kan ni èyí jẹ́ nínú ẹgbẹ́ 4 tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn dúdú, tí òyìnbó sì ń ṣe ọ̀gá wọn. Ó bá wọn gbé ní odi Robinson ní Nebraska àti ní odi Duchesne ní Utah, ní ilẹ̀ gbígbẹ tí ó jìnnà sí ìlú ńlá.

Ní ọdún 1894 ni iṣẹ́ olùkọ́ tún pè é. Láti ọdún 1862 ni òfin kan ti wà ní Amẹ́ríkà, nípa èyí tí ìjọba fi ilẹ̀ ta àwọn ìpínlẹ̀ lọ́rẹ láti fi dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹ̀kọ́ ogun yóò wà lára ohun tí a ń kọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọ̀gágun tí yóò kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ń kọ́ èdè Látìn tàbí ìṣirò a máa pa ìwé dé ní wákàtí kan, a jáde sí pápá, a tò lẹ́sẹẹsẹ, a sì kọ́ bí a ti ń pàṣẹ àti bí a ti ń gba àṣẹ. Èrò ìjọba ni pé bí ogun bá dé, ilẹ̀ náà kò ní ṣe aláìní ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kàwé tí ó sì lè ṣe ọ̀gá. Láti inú ètò yìí ni ẹgbẹ́ ìkọ́ṣẹ́ ọ̀gágun ti jáde, èyí tí òfin ọdún 1916 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àwọn Yunifásítì Amẹ́ríkà.

Fún ìgbà pípẹ́ kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn dúdú kankan tí ó rí irú ọ̀gágun bẹ́ẹ̀ gbà. Wilberforce ní Ohio ni ó kọ́kọ́ rí i. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti àwọn dúdú Amẹ́ríkà ni ó ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí, orúkọ William Wilberforce, Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá òwò ẹrú jà, ni a sì fi pè é. Alexander ni a kọ́kọ́ rán lọ síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1894. Ó dùn wá láti sọ pé kò lò ju oṣù díẹ̀ lọ tí ikú fi mú un lójijì, ní oṣù March. Young, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni a rán láti wá gba ipò rẹ̀.

Ọdún 4 ni Young fi kọ́ni ní Wilberforce. Yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ ogun, ó tún ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé òun fúnra rẹ̀ kúrò ní West Point, àti ní èdè Faransé. Ní ọdún kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin ọ̀mọ̀wé kan, W. E. B. Du Bois, dé Wilberforce gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Àwọn méjèèjì sì di ọ̀rẹ́ tí ikú nìkan ni ó lè yà. Wilberforce ni Young fi ṣe ilé títí ọjọ́ ayé rẹ̀; ibẹ̀ ni ó gbé tọ́jú ìyá rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ó ń padà sí láti gbogbo ìrìn-àjò.

Bí ó ti fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ kò mú kí ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó padà sí odi Duchesne, ó rí ọmọ-ogun lásán kan níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Benjamin O. Davis. Ọmọ náà ní làákàyè, ṣùgbọ́n kò ti West Point jáde. Ọ̀nà mìíràn wà fún irú wọn: ẹni tí ó bá wà nínú iṣẹ́, tí ó sì lè ṣe ìdánwò ìjọba, lè di ọ̀gágun. Young mú un, ó sì ń fi ìwé kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí Goethals ti kọ́ òun. Davis yege ní ọdún 1901. Ní ọdún 1940 ọkùnrin yìí di Jẹ́nẹ́rà, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò náà ní Amẹ́ríkà. Ọmọ rẹ̀ sì ni ó yege ní West Point ní ọdún 1936, tí ó fi òpin sí ọdún 47 tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo bí omi tí a bu sí gbòǹgbò igi kan ti ń dé ẹ̀ka.

Iṣẹ́ tí ó ṣe láti ìgbà náà pọ̀ ju ohun tí ewé ìwé wa lè gbà lọ. Ní ọdún 1898, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Spéènì ń jà nítorí Cuba, ó ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn dúdú kan láti Ohio, ṣùgbọ́n a kò rán wọn kọjá òkun. Ó di Captain ní ọdún 1901, ó sì jagun ní àwọn erékùṣù Philippines. Ní ọdún 1903 a fi í ṣe alábòójútó igbó ìjọba tí ń jẹ́ Sequoia ní California, níbi tí àwọn igi tí ó tóbi jù lọ láyé wà. Kò sí ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lè gbà dé ìdí àwọn igi náà. Ọdún mélòó kan ni wọ́n ti ń là á láìparí. Young àti àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ là á já nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo. Òun ni ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe irú alábòójútó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ní ọdún 1904 ó gbé Ada Mills níyàwó, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan. Ní ọdún kan náà ìjọba rán an lọ sí Haiti gẹ́gẹ́ bí aṣojú ológun. Ní ọdún 1912 wọ́n rán an wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, sí Liberia, orílẹ̀-èdè tí àwọn dúdú tí ó ti Amẹ́ríkà padà wá dá sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni láti ran ìjọba lọ́wọ́ kí àwọn ọmọ-ogun ààlà Liberia lè di ẹgbẹ́ tí ó gún régé. Ó fara gbọgbẹ́ níbẹ̀ nígbà tí ó lọ gba ọ̀gágun kan là lọ́wọ́ ewu nínú igbó, ibà burúkú sì ṣe é tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Nítorí iṣẹ́ Liberia yìí ni ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú Amẹ́ríkà fi fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Spingarn ní ọdún 1916.

Ọdún 1916 náà ni ó bá Jẹ́nẹ́rà Pershing wọ ilẹ̀ Mexico láti lépa Pancho Villa, ẹni tí ó kọlu ìlú Columbus ní New Mexico. Ní oṣù April, àwọn ará Mexico lé ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin òyìnbó kan, tí Major Tompkins jẹ́ olórí wọn, títí wọ́n fi há wọn mọ́ ìletò kan. Young àti àwọn ẹlẹ́ṣin dúdú rẹ̀ ni ó sáré dé bá wọn tí wọ́n fi rí ìgbàlà. Ó di Lieutenant Colonel ní ọdún náà. Lẹ́yìn èyí, ní odi Huachuca ní Arizona, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ogun dúdú tí ó fẹ́ múra sílẹ̀ fún ìdánwò ọ̀gágun.

Báyìí ni a dé ibi tí ó korò nínú ìtàn yìí. Ní oṣù April ọdún 1917 Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé. A nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀gágun tuntun. Ìjọba sì ṣí ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tí ó ti kọ́lẹ́ẹ̀jì jáde. Ti àwọn dúdú kò sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Howard àti ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì dúdú mìíràn kò dákẹ́. Wọ́n kó orúkọ jọ, wọ́n kọ ìwé sí àwọn aṣòfin, títí ìjọba fi gbà. Ní oṣù June ọdún 1917 a ṣí ibùdó kan fún wọn ní odi Des Moines ní ìpínlẹ̀ Iowa. Nǹkan bí 1,000 nínú wọn wá láti inú ìlú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí sì jẹ́ ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. 250 wá láti inú ẹgbẹ́ 4 àwọn ọmọ-ogun dúdú. Ní ọjọ́ 15 oṣù October, ènìyàn dúdú 639 ni ó di ọ̀gágun ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ta ni ó yẹ kí ó ṣe olórí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe Young? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti retí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òyìnbó ni a fi ṣe olórí ibẹ̀, a sì ní kí Young lọ sinmi. Àwọn dókítà ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù May, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kíndìnrín rẹ̀ kò sì dára. A kò ní fi òtítọ́ pamọ́: àìsàn náà wà lára rẹ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kejì wà. Lieutenant òyìnbó kan tí ó jẹ́ ará Mississippi ti ráhùn pé òun kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú máa pàṣẹ fún òun. Aṣòfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Ààrẹ Wilson, Ààrẹ sì fi ránṣẹ́ sí Baker, mínísítà ètò ogun. Bí a bá fi Young sílẹ̀ nínú iṣẹ́, kò ní pẹ́ di Jẹ́nẹ́rà, ọ̀pọ̀ òyìnbó yóò sì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di Colonel, wọ́n sì mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà kan náà. Wọ́n fi ọwọ́ kan gbé e ga, wọ́n fi ọwọ́ kejì gbé e sẹ́yìn òde.

Kí ni ó ṣe? Ní ọjọ́ 6 oṣù June ọdún 1918, nígbà tí ó di ẹni ọdún 54, ó gun ẹṣin rẹ̀ ní Wilberforce, ó sì kọrí sí Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà. Máìlì 497 ni ọ̀nà náà. Ó la òkè, ó la àfonífojì. Nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan a sọ̀kalẹ̀ rìn fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹṣin lè sinmi. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún ó dé Washington, ó sì lọ fi ara han Baker, kí ó lè rí i bí aláìsàn tí wọ́n ní kò lè jagun ti rí. Wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò yára. Ọjọ́ 6 oṣù November ni wọ́n tó pè é padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kan náà, ogun parí.

Àwọn kan nínú wa, nígbà tí a ń jíròrò ìtàn yìí, ní ìrìn-àjò náà já sí asán. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé kò gba ohun tí ó lọ bèèrè. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú tí ó wà lábẹ́ ìhámọ́ra ní ọdún náà rí i pé ẹni tí a rẹ́ jẹ kò bú ènìyàn, kò sì jókòó sílé. Fún olùkọ́, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú rí lára rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ pẹ̀lú.

Ní ọdún 1920 ìjọba tún rán an padà sí Liberia. Ó mọ bí ara rẹ̀ ti rí, ó sì lọ síbẹ̀síbẹ̀. Ní òpin ọdún 1921 iṣẹ́ gbé e dé Nàìjíríà. Àìsàn kíndìnrín náà dìde sí i, ó sì parí iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó, bí a ti sọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni ọdún 57 ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sin ín ní Èkó pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ogun. Ó sùn nínú ilẹ̀ wa fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ kí a tó gbé òkú rẹ̀ padà, nítorí pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ní ọjọ́ 1 oṣù June ọdún 1923 ni a tẹ́ ẹ sí Arlington, ní itẹ́ àwọn akọni Amẹ́ríkà.

Ọlá tí a fi dù ú ní ayé wá bá a lẹ́yìn ikú. Ní ọdún 2013 ìjọba Amẹ́ríkà sọ ilé rẹ̀ ní Wilberforce di ibi ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2022 wọ́n fi í jẹ Jẹ́nẹ́rà, ọdún 100 géérégé lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n sì ṣe ayẹyẹ náà ní West Point, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti gbẹ̀yìn kíláàsì.

Inú wa dùn sí oyè náà. Síbẹ̀, nígbà tí a bá rántí Colonel Charles Young, ohun tí ó ń wá sí ọkàn wa ṣáájú oyè ni àwòrán ènìyàn méjì tí ó tẹ orí ba ìwé kan: Goethals àti Young ní West Point, lẹ́yìn náà Young àti Davis nínú odi Duchesne. Ẹnìkan kọ́ ọ nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó pàdánù. Òun náà kọ́ ẹlòmíràn. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá rìn ní Èkó lọ́jọ́ iwájú, kí ó rántí pé olùkọ́ kan ti sùn níbẹ̀ rí; nígbà tí ó bá sì padà sí kíláàsì rẹ̀, kí ó wo ẹ̀yìn yàrá, níbi tí ẹni tí ó gbẹ̀yìn jókòó sí.